Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi àti Ògiri Olófòófó

Ilé yòówù tó bá wọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, á wá dẹtí sílẹ̀. Kódà nílé ọ̀fọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ti pàtẹ́wọ́ kó tó kí opó. "Olófòófó ni ògiri lásán," ló máa ń wí. "Gbogbo ohun tó o bá sọ ló máa tún sọ."

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, ó sọ pálọ̀ rẹ̀ ní Sábó di ibi ìgbohùn orin sílẹ̀. Ó kó gbogbo fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, orí kí la ó wá máa sùn?"

"Orí ẹní. Ẹní kì í mu ohùn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá náà ò fi rí oorun gidi sùn. Lọ́jọ́ tí àwọn akọrin ìjọ kan wá láti Ìlíṣàn láti gba orin wọn sí kásẹ́ẹ̀tì, ó gbé omi wá fún wọn, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri kó sinmi díẹ̀. Orí ìdúró ló ti sùn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì fura.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀gá akọrin fajú ro. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń hanrun nínú orin Olúwa?"

"Ìyàwó mi ni!" Inú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dùn ṣìnkìn. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara? Kò dún padà rárá!"

Ariwo rẹ̀ ló jí ìyá náà. Kò bá a jà. Ó fa fóòmù kan yọ tìṣó-tìṣó, ó gbé e rù, ó gba yàrá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí àwọn akọrin ní sùúrù, ó gbé máíkì, ó tẹ̀ lé e.