Ìlú tí Ayálégbé Wa Ń Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọdún kejì tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni. Mi ò mọ iye tí ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìyá ìwọ tí ò ń kọ èyí lẹ́nu ọmú nígbà náà. Òṣìṣẹ́ káńsù kan gba yàrá iwájú lọ́wọ́ ọkọ mi ní Ìkirè. Ọmọ gidi ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, àmọ́ ẹ̀ka tó ń wọn ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn nìkan ti tó kí n máa ṣọ́ ọ.

Dòdò ni mò ń dín lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà tó ń lẹ táyà. N kò ṣèèṣì jókòó síbẹ̀. Bí táyà bá jò, èrò á sọ̀kalẹ̀, ebi á máa pa wọ́n, òórùn epo mi á sì fà wọ́n. Obìnrin tó ń dín tirẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀ kì í tà tó ìdajì tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé omi fún ayálégbé yìí, mo bá a níwájú ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n. Odò, títì àti ilé wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wo ìlú láti òkè.

"Kí nìyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá. Ìlú ni mò ń kọ́. Bí mo bá gbé ilé sẹ́bàá odò, èèyàn á pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá gbé ọjà sẹ́bàá títì, á tà ju ti inú lọ́hùn-ún lọ. Ibi téèyàn bá gbé nǹkan sí ni gbogbo rẹ̀."

Ta ló sọ̀rọ̀ ìsọ̀ mi fún un? Bí mo ṣe ń wò ó, ó tẹ nǹkan kan, ilé márùn-ún tó wà lẹ́bàá títì pòórá.

"Àwọn tó ń gbébẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á wábi lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà pẹ́, ibo ni kí n gbé ọjà tuntun sí?"

"Gbé e sínú àbàtà yẹn."

Ó gbé e síbẹ̀ lóòótọ́. Ọjà náà kò gbèrú. Ó wò mí; kó ṣáà ti jìnnà sí títì ni tèmi.

Kò pẹ́ sí i la gbọ́ pé wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó lọ́nà Ìbàdàn. N kò dúró mọ́. Mo di agbada àti àdògán mi, ó di Àpòmù.

Ọkọ mi ní, "Ṣé wọ́n ti kun ìsọ̀ tìrẹ náà ni?"

"Ṣé ìgbà tí wọ́n bá kùn ún ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá?"

Ní Àpòmù, ọkọ̀ ń sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Dòdò mi ń tutù sínú apẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò wó nǹkan kan ní Ìkirè. Nígbà tí mo padà, obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ti gúnwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà.

"Ìyá Àpòmù, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé kí n di dòdò fún yín?"

Mo gba ilé lọ tààrà, mo kan ilẹ̀kùn ayálégbé.

"Ìgbà wo lẹ ó wó ẹ̀gbẹ́ títì?"

"Títì wo, Ìyá?"

"Èyí tí o wó níṣojú mi!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyá, eré ni! Ìlú yẹn kò sí níbì kankan."

"Ìwọ tí ò ń wọn ilẹ̀ níbi iṣẹ́, ilẹ̀ lo tún ń fi ṣeré nílé?"

Títí tó fi kó lọ, n kò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fi sílẹ̀ kò padà sọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti máa tajà, mo sọ fún wọn pé, n kò ní kí ẹ má fura o. Ẹ máa fura dáadáa. Àmọ́ ẹ jókòó sí àyè yín kí ẹ máa fura níbẹ̀.