Ṣọ́ọ̀bù Tó Ní Taya

Ohun tó bá ní taya mẹ́rin nísàlẹ̀, tó tún ní fèrèsé àti òrùlé lókè, ṣé ilé ni àbí ọkọ̀? Bàbá Káfíńtà ti re ibi àgbà ń rè, Wolé-wolé kò sì tíì rí ìdáhùn.

Obìnrin ni Wolé-wolé; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ilé àti ṣọ́ọ̀bù wò fún ìjọba ìlú. Lọ́jọ́ tó fi ọ̀dà pupa kọ "Ẹ WÓ O" sára ṣọ́ọ̀bù onípákó bàbá náà, torí pé kò gbàṣẹ kó tó kọ́ ọ, ni bàbá fi jáàkì gbé e sókè, ó ki taya bọ ìdí rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ tó ní ìloro?"

"Ọmọ mi, wolé-wolé ni wọ́n gbà ọ́ fún. O kì í ṣe wọkọ̀-wọkọ̀."

Nígbà tí Wolé-wolé kó àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dé, bàbá ti tú taya dànù. "Ẹ gbà mí o! Ẹ ti rí ilé tó ń lo nọ́ńbà ọkọ̀ rí?" Láti ìgbà náà, bí àga oníbàárà bá pẹ́, á ní, "Ẹ má bínú, taya ṣọ́ọ̀bù ló jò."

Àfi lọ́jọ́ kan tó fọwọ́ pe Wolé-wolé jókòó. "Eré ti tó. Ọmọbìnrin mi ni yóò jogún ibí. Mi ò fẹ́ kó jogún jáàkì. Bá mi gba àṣẹ náà kí n tó lọ."

Wolé-wolé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì, ó gbé e lọ sínú àdúrà. Ọ́fíìsì ní kó lọ kó bọ̀. Ọ̀run dákẹ́. Ìgbà tí àṣẹ máa jáde, ilẹ̀ ibojì bàbá kò tíì gbẹ. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nínú ìjọ, wọ́n a máa ní Olúwa kì í pẹ́. Wolé-wolé ṣì ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, tó tún ń pa á lẹ́kún, ni ọ̀rọ̀ tí bàbá bá a sọ kẹ́yìn lórí ibùsùn àìsàn.

"Ilé tí ẹ ní Olúwa ń kọ́ sílẹ̀ dè wá lókè yẹn, ṣé ó gbàṣẹ?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Wolé-wolé.

"Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ lò ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un kí n tó dé: kí wọ́n má fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan kan sára tèmi."