Àbọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìborùn Ìyá Wa

Ẹnu ọ̀nà àbájáde ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo ni nǹkan náà ti mú mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Bàbá wa ń ta aṣọ ní Iléṣà, èmi ni mo sì máa ń lọ gba ẹrù wọn tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé e dé. Mo gbójú sókè, mo rí pátákó funfun kan tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ "Way Out" sí. Ọ̀nà àbájáde. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe níbẹ̀, kò sí àmì ìdánudúró. Bẹ́ẹ̀, tíṣà wa máa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe dà bí ẹran tí kò lórí. Mo dúró síbẹ̀ títí alábàárù kan fi dé ẹ̀yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á tán, àbí ẹ fẹ́ rà á ni?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá wọn kiri. "No Smoking" nínú ọkọ̀ ojú irin, pé a kì í mu sìgá níbẹ̀. "Wet Paint" lára bẹ́ǹṣì, ọ̀dà tútù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ṣùgbọ́n mo rí àṣírí wọn: ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sí ló ń parí rẹ̀. Gbé "Wet Paint" kúrò lára bẹ́ǹṣì, kó o gbé e sínú lẹ́tà, ó di àṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹnu yà mí. Àwa náà sì ń ṣe é: bí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, tó o ní "Oko," ta ló máa ní kó o parí ọ̀rọ̀?

Ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni wáyà tí wọ́n ń tẹ̀ ní pósí ọ́fíìsì, torí pé iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó. Èmi ni mo wá ń kọ ti gbogbo agbo ilé wa.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé ìyá wa dé ọsibítù. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Ìyá wa ní ọ̀bẹ kankan ò ní kan àwọn àfi bí àwọn bá fojú kan ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí wọn, tó ń ṣe òṣómàáló, tó ń gbé aṣọ kiri ìlú lókè Ọya. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo kọ "Mother ill. Come at once." Ìyá ń ṣàìsàn, tètè máa bọ̀. Akọ̀wé pósí ọ́fíìsì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi, kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ìdárò o."

"Ìdárò kẹ̀? Ìyá wa ò kú."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹni tó máa gbà á ò ní mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nílùú wa, a kì í tẹ ikú ní wáyà. Àìsàn la máa ń pè é, kí ọmọ olóòkú lè délé kó tó gbọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ka ìyẹn, á gbà pé ìyá ti kú. Á dúró de àwọn ará Iléṣà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n sìn ín wálé bó ti yẹ. Ìyá wa ò sì ní àkókò yẹn.

"Tí mo bá wá kọ ọ́ pé wọ́n wà láàyè ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó dá a lójú pé wọ́n ti lọ."

Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wa, mo bi wọ́n pé kí ni kí n bá wọn sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Wọn ò wẹ̀yìn. "Bi í pé ìborùn mi dà. Ó ní òtútù ń mú òun, ó wé e mọ́rùn bí ìyàwó tuntun, ó bá ọkọ̀ lọ. Olè."

Mo sáré padà. "Mother hospital. Waiting. My shawl?" Ìyá, ọsibítù, ó ń retí, ìborùn mi ńkọ́? Akọ̀wé kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n tẹ àmì ìbéèrè náà?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Òun gan-an ni ohùn wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sọ̀kalẹ̀ ní Òṣogbo, tòun ti ìborùn lọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tá a dé Iléṣà, ìyá wa fà á yọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"O ò fọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí dókítà máa bọ̀.

Títí di òní ni ó ń jọ mí lójú, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe gbé ohùn obìnrin kan kọjá odò Ọya, tí ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé ó ń mí.

Nígbà tí ojú abẹ jinná, tí ẹ̀gbọ́n mi ń padà, ìyá wa fún un ní ìborùn náà pátápátá. Wáyà rẹ̀ dé láti òkè Ọya: "Shawl warm." Ìborùn móoru. Gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Èyí tó kúrú jù tí èmi fúnra mi tíì kọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni tirẹ̀.