Ìgò Méjì fún Orí Ìbejì

Ẹ má bi mí ibi tí iná ti wọ orí àwọn ìbejì mi. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé wa ní Ìkirè, mo ń tú irun wọn kí n lè tún un dì, mo bá rí nǹkan tó ń rìn. Mo pariwo. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn méjèèjì ń họ orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ti èkejì rẹ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Ó ti họ ìpàkọ́ rẹ̀ títí ó fi di egbò, ara rẹ̀ sì ń gbóná.

Kíá, gbogbo àdúgbò di dókítà. Ẹnì kan ní kí n da karosíìnì sí i. Òmíràn gbé òtapíápíá wá, ohun tí a fi ń pa aáyán! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. Orí ọmọ èèyàn lèyí, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Ó bínú lọ. Kó máa bínú.

Ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wá sí iléèwé wọn. Wọ́n ní àwọn ń dán oògùn iná orí kan wò, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bóyá kò sì ní í ṣe ọmọ ní jàǹbá. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ṣàlàyé, wọ́n tún ṣàlàyé, àmọ́ "ọ̀fẹ́" yẹn ni etí mi gbọ́ jù. Nọ́ọ̀sì wọn, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, fọ egbò ọmọ mi, ó fi oògùn sí i, ó ní kò ní jiná títí iná á fi kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ó wá fún àkọ́kọ́ ní ìgò onídèérí funfun, ó fún èkejì ní onídèérí pupa.

"Kí ló dé tí wọn ò jọra?"

"Ọ̀kan ni oògùn, mà. Èkejì kàn jọ oògùn ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìbò la fi pín in."

"Èwo wá ni oògùn níbẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀, mà."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ta ló ń fún èèyàn ní oògùn tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀? Ó ní tí àwọn bá mọ̀, ohun tí ọkàn àwọn ń fẹ́ lojú àwọn á máa rí. Pé àwọn ọ̀gá àwọn n'Íbàdàn nìkan ló mọ̀. Ó ní kí n má pa méjèèjì pọ̀ o. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Orí mi ti dàrú.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi ráńpẹ́, mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Àpòmù, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ ìgò fún wọn.

"Aúsùbilláhì! Wọ́n fẹ́ fún ìbejì kan ní oògùn, kí wọ́n fi omi tan èkejì? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la ń ṣe fún èkejì!"

Wọ́n gbé abọ́, wọ́n da ìgò méjèèjì sí i, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n pín in dọ́gba-dọ́gba, wọ́n sì fi pa àwọn méjèèjì lórí. Mo dúró, mò ń wò. Ṣé kí n di ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ mú ni? Ká sòótọ́, ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fún èyí tó ní egbò ńkọ́? Ó kéré tán, ó ti rí ìdajì oògùn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá bá wa ní Àpòmù láti yẹ̀ wọ́n wò, ó fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun wọn. Iná ń rìn lórí àwọn méjèèjì. Egbò ti fẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ yìí ò yé òun.

"Èmi ni mo dà á pọ̀," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Nítorí egbò yẹn, ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n lè tú àṣírí ìgò fún un. Ó gbọ́ tán, ó kọjú sí mi.

"Ìyá Ìbejì, ìgò pupa ni oògùn. Ti ọmọ tó ní egbò yìí ni. Ká ní òun nìkan lẹ fi gbogbo rẹ̀ pa lórí ni, ì bá ti ṣiṣẹ́. Ẹ ti bù ú là, kò lágbára tó mọ́."

Ta ni kí n bínú sí? Ìyá ọkọ mi tó fẹ́ràn wọn bákan náà? Nọ́ọ̀sì tó ti kìlọ̀? Àbí èmi tí mo dúró bí òpó?

Nọ́ọ̀sì mú ìgò oògùn gidi kan jáde látinú báàgì rẹ̀. Ó ní ìyẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ òun, orí kan ṣoṣo ló tó, kí a má bù ú o; òun á mú òmíràn bọ̀ láti Gbọ̀ngán lọ́jọ́ Ajé. Ìyá ọkọ mi kàn ń wò mí.

Mo fa èyí tó ní egbò sáàárín orúnkún mi. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i lórí. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

Nígbà tí mo ṣe tán, àkọ́kọ́ wá jókòó síbi tí èkejì rẹ̀ ti dìde. Ó tẹ orí ba fún mi.

"Màmá, èmi ńkọ́?"

Mo dé ìgò òfìfo náà padà.

Ìyá ọkọ mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Ìbejì," wọ́n ní, "dá a lóhùn."