Àmín Tí Kò Dúró Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Jùwọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fún arúgbó lóògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ní ilé ìtọ́jú kan ní Stretford, lẹ́bàá Manchester. Láràárọ̀, á gbé ife omi àti hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ bá Cynthia, ìyá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Cynthia lọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó lè fi hóró pamọ́ sábẹ́ ahọ́n bí ọmọ tí kò fẹ́ jẹ ẹ̀wà. Jùwọ́n á dúró. Á ní kó la ẹnu. Á wo abẹ́ ahọ́n. Ìgbà tó bá rí i pé oògùn ti lọ ló máa ń fọwọ́ sí ìwé.

"O ò gbà mí gbọ́, àbí?" Cynthia á bi í.

"Mo gbà yín gbọ́, Mama. Ẹ ṣáà la ẹnu."

Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣe é bọ̀. Kò fọwọ́ síwèé rí láì kọ́kọ́ wò ó.

Táyà ló ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Ìlọrin. Ìwé rẹ̀ kò ju girama ọdún kẹta lọ. Àmọ́ Sìmíátù ìyá rẹ̀ ò fìgbà kan pè é ní olùtọ́jú arúgbó. Ọjọ́ tí Jùwọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, òun nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù, aago kékeré kọ́ sáyà, ìyá pariwo nínú fóònù: "Dókítà mi! Ẹ wá wo dókítà mi!" Jùwọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé rárá. Inú ìyá ń dùn, kí ló fẹ́ fi rárá ṣe?

Láràárọ̀ náà ni ìyá máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí. Fídíò àlùfáà. Ohùn gígùn gbọọrọ. Jùwọ́n á dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Pendleton, lábẹ́ ilé gogoro tó ń gbé, òjò á máa kán sórí fóònù. Á tẹ "Àmín, Mọ̀mí." Á ti fóònù bọ àpò. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn nínú group ẹbí. Ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọ tí kì í dáhùn àdúrà?

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì, aago mọ́kànlá àárọ̀, Hafeezah àbúrò rẹ̀ pè é láti Ìlọrin. Jùwọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.

"Bọ̀dá, Mọ̀mí ṣubú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá."

"Ẹ gbé wọn lọ hospital."

"A ti gbé wọn dé ibẹ̀." Ẹkún gba ẹnu rẹ̀. "Bọ̀dá, a ti gbé wọn padà wálé."

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lọ́wọ́ Jùwọ́n. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi aṣọ ṣe. Kí shift tó parí, wọ́n ti sin ìyá. Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìnulẹ̀ sí ló ti wo erùpẹ̀ nínú fóònù. Aago mẹ́rin lù, ó gbé oògùn ìrọ̀lẹ́ lọ bá Cynthia. Ó wo abẹ́ ahọ́n. Ó fọwọ́ sí ìwé. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta ni Hafeezah sọ òótọ́ fún un. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ohùn kan ló gbọ́ lórí fóònù. Hafeezah fi í ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan, ó tutù, ó rọ̀ bí òrí:

"Ẹ̀yin òbí wa, mo kí yín o. Hóró tí wọ́n ń fún yín, wọ́n fi ń dè yín mọ́lẹ̀ ni. Ẹ lọ bọ èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ mu omi rẹ̀ fún ogójì ọjọ́."

"Àǹtí Shakirat ṣì ń mu ún," Hafeezah wí. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn nìyẹn, òun náà lẹ́jẹ̀ ríru. "Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ọjọ́ Mọ̀mí ló pé. Wọ́n ní ẹni tó ní káwọn mu ún mọ̀ jù mí lọ, àfi kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fáwọn pé káwọn má mu ún mọ́."

"Màá rí bàbá yẹn," ni Jùwọ́n wí. "Bó wà nínú ihò, màá fà á jáde. Á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. *Ṣé ẹ máa ń gba ìròyìn ìlera lórí WhatsApp? Ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀.* Rọ́fíàt lorúkọ tó wà nísàlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lobìnrin yìí fi ka ìròyìn lórí rédíò ní Ìbàdàn. Ní báyìí, ó wà ní yunifásítì kan ní Manchester, ó ń ṣèwádìí irọ́ tó ń jà kálẹ̀, àti ìdí tí àwọn èèyàn ò fi gba oníròyìn gbọ́ mọ́.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni Jùwọ́n lọ. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó wojú rẹ̀, ló bá di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ káàsán, mà."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Jùwọ́n, mà."

"Jùwọ́n." Ó rọra jókòó. "Jókòó. Sọ tìẹ ná."

Jùwọ́n sọ ọ́. Kò pẹ́. Ó gbé ohùn náà sí i. Àǹtí Rọ́fíàt di ojú, ó gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún un gbé.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà?"

"Kò sẹ́ni tá a fẹ́ mọ̀ níbẹ̀. Gbọ́ ọ dáadáa. Èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀ á mí. Èmi tí mo fi ìròyìn jẹun, bó ti wù kí n sáré kà á tó, màá mí. Eléyìí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò fa èémí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ni. Ẹnì kan tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kà á."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"N ò mọ̀. A lè má mọ̀ láéláé."

Ó dà bíi pé wọ́n gbá Jùwọ́n létí. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn náà ló ti ń fọkàn ya bàbá yẹn: irùngbọ̀n rẹ̀, fìlà rẹ̀, ibi tí òun máa ti dì í lọ́rùn mú. Kò sí ọrùn. "Ẹ̀rọ?" ló ń wí. "Ẹ̀rọ ló pa ìyá mi?"

"Ẹ̀rọ nìkan kọ́." Àǹtí Rọ́fíàt fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, kò tíì ṣí i. "Láyé tiwa, a máa ń wádìí ọ̀rọ̀ ká tó sọ ọ́. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti wọlé olúwarẹ̀ kí oníròyìn tó wọ bàtà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń tọ̀ kiri. Mo bi àwọn ìyá tó ń mu omi yìí léèrè, wọn ò lẹ́ni méjì lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ní ohùn yẹn lòun gbà gbọ́. Dókítà kan ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wá dókítà náà ní Manchester yìí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn."

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí i.

Aṣọ iṣẹ́ búlúù. Aago kékeré láyà. Ẹ̀rín òun fúnra rẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n kọ ọ́ pé: *Ọmọ mi Dókítà Jùwọ́n ní Manchester ti gbọ́ ọ, ó ní Àmín. Ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ yín.*

Jùwọ́n fò dìde. Àga ṣubú.

"Irọ́ ni! N ò gbọ́ nǹkan kan! Mi ò rí i rí!"

"Ṣí fóònù ẹ. Ibi tí ìwọ àti Mọ̀mí ti máa ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní ni eléyìí kọ́kọ́ jáde."

Ó ṣí i, ó ń fà á sókè. Òdòdó. Àmín. Àlùfáà. Àmín. Òdòdó mìíràn. Ó wá rí i. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó máa ń di búlúù téèyàn bá ti gbọ́ ọ, kò tíì di búlúù. Ìyá kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: *Dókítà mi, jọ̀ọ́ gbọ́ eléyìí. Ṣé ó dáa kí n ṣe é?* Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì.

*Àmín, Mọ̀mí.* Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ń retí kí ó yí padà. Àǹtí Rọ́fíàt ò ní kó má sunkún. Ó gbé àga dìde, ó fi í sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Jùwọ́n gbé fóònù sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ sínú group ẹbí. "Jùwọ́n ni o. Èmi kì í ṣe dókítà. Arúgbó ni mò ń tọ́jú, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn tí dókítà kọ. Mi ò gbọ́ ohùn tí Mọ̀mí fi ránṣẹ́. Mo kàn ṣe Àmín ni. Ẹ dákun, ẹ da omi èèpo nù, ẹ padà sídìí oògùn yín." Ohùn rẹ̀ ń já. Ìṣẹ́jú méjì. Ó fi ránṣẹ́.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó dún.

*Àmín.*

*Àmín o, Dókítà wa.*

Lẹ́yìn náà, Àǹtí Shakirat: *Àmín, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí àlùjánnà.*

Jùwọ́n ju fóònù sórí tábìlì bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé.

"Pè wọ́n," Àǹtí Rọ́fíàt wí. "Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó pè. "Dókítà mi!" Àǹtí Shakirat dáhùn.

"Àǹtí, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ mi." Ó tún gbogbo ẹ̀ sọ látòkè délẹ̀.

Ó gbọ́ ẹyẹlé lórí òrùlé wọn.

"Ìwọ kì í ṣe dókítà?"

"Mi ò ṣe é rí, mà."

"Sìmíátù mọ̀?"

"Mi ò sọ fún wọn."

"Jùwọ́n. Ìyá ẹ bi ọ́ ní ìbéèrè, o wá ṣe Àmín?"

"Oògùn yín dà, mà?"

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò dà á nù."

"Ẹ lọ gbé e. Ẹ tan fídíò."

Ó gbọ́ bí sálúbàtà ṣe ń wọ́lẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ké. Hóró kan já kúrò nínú páálí, pọ́. Iwájú orí àǹtí rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ yọ nínú fídíò, kí gbogbo ojú tó wá yọ.

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ la ẹnu, mà."

"Èmi? Ìwọ Jùwọ́n yìí?"

"Ẹ dákun, mà. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó la ẹnu. Ó gbé ahọ́n sókè. Jùwọ́n sún mọ́ fóònù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí. Àǹtí Rọ́fíàt ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìyá mẹ́jọ tó ṣì ń mu omi náà sórí ìwé, ó tì í sí iwájú rẹ̀. Jùwọ́n tẹ nọ́ńbà tó tẹ̀lé e.