Ata Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nítorí Ikọ́ Ọkọ Mi

Odindi ọdún mẹ́ta ni mi ò wọ yàrá tí ọkọ mi wà láìkọ́kọ́ wẹ̀. Ata gbígbẹ ni mo ń tà ní Mile 12 nígbà yẹn, àpò àpò, èyí tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya. Bí mo bá ti dé ilé wa ní Ìkòsí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń bọ́ aṣọ ọjà sílẹ̀, kí eruku ata má baà kó sí i láyà, torí ikọ́ ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó wo aṣọ ọjà mi lẹ́yìnkùlé, ó ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọkọ mi gbọ́. Kò sọ nǹkan kan.

Mo ń ra orógbó fún un. Tàárọ̀-tọ̀sán ló ń jẹ ẹ́, àgàgà tó bá fẹ́ẹ́ wọlé, mo sì ń yin ara mi pé mo mọ ọkọ tọ́jú. Nígbà tí ikọ́ ò lọ, tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ìsọ̀ mi fún ẹlòmíì, mo lọ ń ta láílọ́ọ̀nù ní Kétu. Oníbàárà tí mo fi ọdún mẹ́wàá kó jọ, mo fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ọkọ mi ní, "Mummy, Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú tí a fi dé ọsibítù. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan, wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ títí, ó wá bi í pé, "Daddy, ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń mu sìgá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ mi ti jáwọ́ lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí wa lórúkọ, ìṣojú mi ló ti búra. Ọkọ mi kọjú sí ògiri.

"Mi ò fi sílẹ̀ rí," ló wí.

Dókítà ṣàlàyé pé èéfín sìgá ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ara iṣan náà ti nípọn, inú rẹ̀ ti há, ọkàn wá ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gbabẹ̀, ó sì ti ń rẹ ọkàn náà. Ó ní tí kò bá mu ún mọ́, tó sì ń lo oògùn, kò ní yára burú sí i, àmọ́ èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Mo béèrè nípa ata. Ó ní ata lè mú un húkọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ata ló ṣe èyí.

Ìgbà náà ni mo rántí orógbó. Èmi fúnra mi ni mo ń bá a ra ohun tó fi ń bo òórùn sìgá. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún. Sìgá gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé nínú ọyẹ́, ó sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra ata gbígbẹ díẹ̀ ní ìsọ̀ tó ti jẹ́ tèmi rí. Mo gbé odó sí ibi tí mo ti máa ń wẹ̀, mo gún un tagbáratagbára. Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí n rọra. Mo tún gbé ọmọ odó sókè. Mi ò tiẹ̀ lè dá a lóhùn: ata tí mo fi ọdún mẹ́wàá tà láìsín lẹ́ẹ̀kan ti gbàgbé mi, èmi ni mo ń húkọ́.