Ọjọ́ tí Ewé Wúrà Kọ̀ tí Kò Wálẹ̀

Ọdún kejì tí mo ń kọ́ni ní Físíìsì n'Ínísà ni ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí. Wọ́n ní ọmọ márùn-ún péré ló ń ṣe é, àwọn fẹ́ pa á rẹ́. Kí àwọn ọmọ máa lọ kọ́ ọ l'Ókukù, kí èmi náà wá ibòmíràn lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ó dáa, kí n fi ohun kan tó lè ya àwọn lẹ́nu hàn wọ́n.

Ọjọ́ tí ọ̀gá àtàwọn ọmọ márààrún wá wò ó ní lábù, ìgò kan ni mo lò. Irin gba ọmọrí rẹ̀ wọlé, ewé wúrà tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin sì rọ̀ mọ́ irin náà nínú. Lórí irin ni mo gbé ègé páànù sí, èyí tí Ìyá Ìdáyà, tó ń tọ́jú lábù, ti fi eérú bó títí tó fi ń dán. Mo fi fìlà onírun ra páìpù ike, mo fi kan páànù. Iná mànàmáná kó sí i, ewé ta kúrò lára irin, ó dúró gangan.

Mo tan gílóòbù ńlá sí i. Ewé ò mira. Mo fi èkejì kún un, mo fi ẹ̀kẹta kún un. Òógùn bò wá, ewé ò mira. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

“Tíṣà, ṣé kí o lè fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ hàn mí lo ṣe pè mí wá?” ni ọ̀gá wí.

Mo wá tan iná tínrín aláwọ̀ àlùkò tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà n'Ìkìrun. Òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Láàárọ̀ tí mo dán an wò, kíá ló mú ewé wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ewé dúró. Àwọn ọmọ ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn.

Ìyá Ìdáyà ló rọra sọ ọ́: “Tíṣà, gíláàsì yẹn ò sí níbẹ̀ láàárọ̀.”

Òótọ́ ni. Iná yẹn a máa ba ojú jẹ́. Nítorí ojú ọ̀gá ni mo ṣe fi gíláàsì wíńdò dí i. Àpọ́nlé ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi páálí bo apá tó kọjú sí wa, mo yọ gíláàsì.

Ewé wálẹ̀ wẹ́rẹ́, bí orí ẹni tó ń tòògbé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

“Kí ló jáde lára páànù yẹn?” Ohùn ọ̀gá ti lọ sílẹ̀.

Mo ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, ẹ̀rún iná tí ojú ò lè rí. Mo ní wóró wóró ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Wóró ti gílóòbù kéré. Bí èèyàn bá ń da iyanrìn lu ọsàn orí igi látàárọ̀ dalẹ́, kò ní já. Ti iná aláwọ̀ àlùkò yìí dà bí òkúta: ẹyọ kan tó láti já elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, àwa ò rí i, gíláàsì tí a sì ń wò kọjá gbangba, ògiri ni lójú tirẹ̀.

Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo ṣe é nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n gba gíláàsì lọ́wọ́ mi, àwọn fúnra wọn ń tì í bọ̀, wọ́n ń fà á yọ: ewé á dúró, ewé á rìn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, Ìyá Ìdáyà ni wọ́n kọjú sí.

“Ẹ lọ lu aago. Kí gbogbo kíláàsì wá, àtàwọn tí ò ṣe Físíìsì.”

Ilé-ìwé náà ni mo ṣì wà di òní. Mo mọ ohun tó ń mú ewé yẹn wálẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti ń wálẹ̀, ẹnu ṣì máa ń yà mí.